Ẹ̀yin tísà eré ìdárayá n'Íbàdàn, báwo lẹ ṣe ń kọ́ ọmọ láti ṣúùtù nínú lacrosse?

Tísà_Mókọlá · Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ kan tó ń gbé l'Ámẹ́ríkà fi ọ̀pá lacrosse 12 ránṣẹ́ sí wa, èyí tó ní àpò àwọ̀n lórí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù mú, tí wọ́n sì fi ń jù ú, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rọ́bà rẹ̀. Àwọn ọmọ SS1 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Gbígbá bọ́ọ̀lù mú ti ń yé wọn, mímì ọ̀pá kí bọ́ọ̀lù má bọ́ náà ti ń yé wọn díẹ̀díẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni jíjù ú sílé. Bọ́ọ̀lù àwọn kan ń wọlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ara wọn. Ti àwọn mìíràn ń gba orí gòólù kọjá lọ sínú igbó tó wà lẹ́yìn ògiri. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó sígbọnlẹ̀ jù nínú wọn gan-an ni bọ́ọ̀lù wọn kì í ní agbára.

Ìṣẹ́jú 40 ni mo ní, àwọn ọmọ náà tó 60, yẹ̀pẹ̀ pupa ni pápá wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ mójú tó? Ẹsẹ̀ ni àbí ọwọ́?

Akọ́nimọ̀ọ́gbá_Agodi · 8:47 alẹ́

Ẹ kú àkọ́gbà, Tísà. Ẹsẹ̀ ni.

Ẹ wò wọ́n dáadáa nígbà tí wọ́n bá tún ń ṣúùtù. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa dojú kọ gòólù gbọnrangandan, àyà síwájú, ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ìhà, tí wọ́n á wá máa fi apá nìkan ṣiṣẹ́. Wọ́n ń lo ọ̀pá bí ẹni ń fi ọkọ́ kọ ebè. Ẹni tó sígbọnlẹ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, torí ó gbà pé apá òun tó o. Agbára ṣúùtù kì í ti apá wá. Láti ilẹ̀ ló ti ń bọ̀: ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ìbàdí yí, èjìká tẹ̀lé ìbàdí, ọwọ́ tẹ̀lé èjìká, orí ọ̀pá ló wá kẹ́yìn gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá fo ẹ̀kejì, agbára ti ṣòfò sọ́nà nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀pá lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n fi ọwọ́ lásán ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì mọ́ ògiri. Ọmọ wo ló dàgbà n'Íbàdàn tí kò sọ òkò sí máńgòrò rí? Ara wọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú á gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, èjìká òsì á sì kọjú sí ibi tó ń jù ú lọ. Ẹ ní kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún wọn lọ́pàá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ohun kan náà ni, apá wọn ló kàn gùn sí i.

Ní ti ọwọ́: ọwọ́ ìsàlẹ̀ á wà ní ìdí ọ̀pá pátápátá. Ọwọ́ òkè ni ẹ máa ṣọ́. Nígbà tí wọ́n ń mì ọ̀pá, abẹ́ orí ọ̀pá ló máa ń wà, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣúùtù. Ó gbọ́dọ̀ sún wálẹ̀ dé bí àárín ọ̀pá, kí orí ọ̀pá lè rìn jìnnà kó sì yá. Kí ọwọ́ méjèèjì kúrò lára àyà, kí wọ́n lọ sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín ìgbọ̀nwọ́ àti ìhà kọjá. Bí ìbàdí bá ti yí, ọwọ́ òkè á ti ọ̀pá síwájú, ọwọ́ ìsàlẹ̀ á fà á wá sábẹ́ apá, ọrùn ọwọ́ á sì gbá a parí.

Bọ́ọ̀lù tó ń gba òkè lọ tètè jáde jù ni: ọmọ náà fi ara sẹ́yìn, tàbí ó dá ọ̀pá dúró lágbedeméjì. Èyí tó ń wọlẹ̀ pẹ́ kó tó jáde: ó tẹ orí ọ̀pá sísàlẹ̀ jù, tàbí kó jẹ́ pé àpò àwọ̀n ọ̀pá náà ló jìn jù. Ẹ yẹ ọ̀pá wò kí ẹ tó bá ọmọ wí.

Ìyá_Eléré · 9:05 alẹ́

Àkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́ lẹ jẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi kan kún un. Àwọn ọmọ ti wo eré yìí lórí YouTube. Wọ́n rí àwọn ọkùnrin àgbà tí ṣúùtù wọn ń kọjá kìlómítà 160 láàárín wákàtí kan, agbára yẹn ni wọ́n sì ń lé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé e ní sáà yìí. Gòólù lacrosse kéré: mítà 1.83 ni ìbú, mítà 1.83 ni gíga, ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì ti gba ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣẹ́ kù fún ẹni tó ń ṣúùtù.

Àpò ìrẹsì òfìfo mẹ́rin ni kí ẹ so mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ọmọ dárúkọ èyí tó fẹ́ bà kó tó jù ú: "Òkè ọ̀tún!" Gbogbo kíláàsì á gbọ́, òun náà á sì mọ̀ bóyá ó bà á. Ẹni tó bá ń pariwo ibi tó ń lọ kì í jù ú ní ìjùkújù.

Tísà_Mókọlá · 9:20 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé n lè máa fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kọ́ wọn lọ títí? Ẹ̀rù bọ́ọ̀lù rọ́bà yẹn ń bà mí.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá_Agodi · 9:31 alẹ́

Ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má fi parí. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kò tó gíráàmù 60. Ti lacrosse wà láàárín gíráàmù 142 sí 149, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Èyí tó fúyẹ́ kì í jókòó dáadáa sínú àpò, ọmọ kì í sì í mọ ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti mọ ètò ẹsẹ̀ àti ìbàdí, ẹ gbé ti gidi fún wọn lábẹ́ àkóso tó le. Ẹ kàn gbà pé ṣúùtù wọn á kọ́kọ́ bàjẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀.

Olùkọ́_Sáńgò · 10:02 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n yapa díẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, ìdúró lójú kan ni. Ọmọ dúró, ó tò sórí ìlà, ó ju ọ̀kan, ó padà sẹ́yìn. Ọmọ 60, ọ̀pá 12: ìlà gígùn, oòrùn, àríwo. Láti 1982 ni Bunker àti Thorpe, àwọn olùkọ́ méjì ní yunifásítì Loughborough ní England, ti ń sọ pé kí eré ṣáájú, kí ọmọ rí ohun tó fẹ́ fi ọgbọ́n ọwọ́ náà ṣe kó tó kọ́ ọ. Èmi á kọ́kọ́ dá wọn sí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹni méjì á gbógun, ẹnì kan á ṣọ́lé láìní ọ̀pá ní ìta gòólù, bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ni wọ́n á lò. Bí ọmọ bá ti ṣúùtù nígbà tí ẹnì kejì rẹ̀ wà ní òmìnira, òun fúnra rẹ̀ á béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ tún wo lacrosse ẹlẹ́ni mẹ́fà-mẹ́fà, èyí tí wọ́n máa lò ní Òlíḿpíìkì Los Angeles 2028. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 péré ni ẹgbẹ́ kan ní láti ṣúùtù. Kò sí ẹni tó máa dúró dè ọ́ kí o to ẹsẹ̀ rẹ. Orí ìrìn ni wọ́n ti ń ju ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Bàbá_Ẹlẹ́yẹlé · 10:15 alẹ́

Ẹ dákun, èmi kì í ṣe tísà. Ọmọ mi ló ń sọ ọ̀rọ̀ eré yìí nílé lójoojúmọ́. Kí ni ìwúlò rẹ̀ fún ọmọ tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù? Ta ló ń ṣe é?

Olùkọ́_Sáńgò · 10:24 alẹ́

Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Eré àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà ni, àwọn Haudenosaunee wà lára wọn, wọ́n sì ti ń ṣe é kí òyìnbó tó dé ibẹ̀. Ní 1867 ni oníṣègùn eyín kan ní Montreal, William George Beers, kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n díje fún àmì ẹ̀yẹ nínú rẹ̀ ní Òlíḿpíìkì 1904 àti 1908, 2028 ló tún ń padà bẹ́ẹ̀. Uganda ló kọ́kọ́ ṣojú Áfíríkà níbi ìdíje àgbáyé ti àwọn ọkùnrin, ní Denver ní 2014. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ọmọ yín fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, sà. Lílo ọwọ́ méjèèjì, wíwo àyè, sísáré lójijì, gbogbo rẹ̀ ló máa bá a dé pápá ìṣeré Adámásìngbà bó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá_Agodi · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Olùkọ́ Sáńgò, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo gbà pé kí eré kékeré wà nínú gbogbo kíláàsì. Ibi tí n kò ti gbà ni ṣúùtù orí ìrìn fún ẹni tí kò tí ì mọ bí ìbàdí ṣe ń yí. Ẹni tó ń sáré á ní láti yí èjìká padà sí gòólù nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ síbòmíràn. Bí kò bá tí ì mọ̀ ọ́n lórí ìdúró, apá ló máa tún padà lò, àṣà yẹn á sì mọ́ ọn lára. Ẹ jẹ́ kó rìn ìgbésẹ̀ méjì kó tó ṣúùtù. Ìyẹn ni mo máa fi ṣe agbedeméjì. Bó bá ń bà á nígbà tó ń rìn, ẹ jẹ́ kó máa sáré díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ring_Road · 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè. Bọ́ọ̀lù yẹn, rọ́bà líle ni, inú rẹ̀ kò ṣófo. Bó bá ba ojú tàbí eyín, ẹ mọ ohun tó máa ṣe. Àyà ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Bí bọ́ọ̀lù líle bá ba àyà ọmọ ní àkókò kan pàtó láàárín bí ọkàn ṣe ń lù, ọkàn náà lè dáwọ́ dúró lójijì, bí ọmọ náà tilẹ̀ le koko. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó ti pa àwọn ọ̀dọ́ nínú eré ìdárayá.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró nínú gòólù níwájú bọ́ọ̀lù rọ́bà láìní akoto tó ní ìbòjú, ìbòrí ọ̀fun àti ìbòrí àyà. Bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá ní wọn, àpò ìrẹsì ni kó máa ṣọ́lé. Kí gbogbo wọn máa ṣúùtù sí apá kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má sí lẹ́yìn gòólù. Kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ wà níbi tó wà títí fèrè á fi dún, kí gbogbo wọn wá lọ ṣà á pọ̀. Ọmọ tó sáré lọ mú bọ́ọ̀lù tirẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ṣì gbé ọ̀pá sókè, òun ló máa ń ṣèṣe.

Bí ọmọ bá ṣubú lẹ́yìn tí nǹkan bà á láyà, tí kò dáhùn, tí kò mí, ẹ má bu omi sí i lára. Kí ẹnì kan pe ìrànlọ́wọ́, kí ẹnì kejì máa tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó má dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Tísà_Mókọlá · 7:30 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Mo máa kọ ọ̀rọ̀ yín yìí sára ògiri yàrá tí a ń kó irinṣẹ́ sí.

Ìyá_Eléré · 1:15 ọ̀sán

Ohun kan wà tí a kò tí ì sọ, ó sì ká mi lára. Ọwọ́ òsì. Nínú kíláàsì tó tó 60, àwọn alòsì máa wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa fi ọ̀tún sókè ọ̀pá torí bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà, èmi náà kò sì ní kí ọmọ máa fi òsì kí àgbà. Àmọ́ lórí pápá, ẹ jẹ́ kó hàn sí wọn gbangba pé òsì àti ọ̀tún dọ́gba. Alòsì á gbé ọwọ́ òsì sókè ọ̀pá, ẹsẹ̀ ọ̀tún á lọ síwájú, èjìká ọ̀tún á kọjú sí gòólù. Ẹ yí gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Agodi kọ padà fún un.

Mo ti rí ọmọbìnrin kan tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í dé gòólù rárá. Mo ní kó gba páálí kan lọ́wọ́ mi kó jù ú sí mi padà. Ó kọ́kọ́ nawọ́ òsì, ó sáré fà á sẹ́yìn, ó wá na ọ̀tún. Mo ní, "Na èyí tó kọ́kọ́ jáde yẹn." Ó wo ojú mi bóyá mo fẹ́ bá a wí. Ìgbà tó gbé òsì sókè ọ̀pá, bọ́ọ̀lù rẹ̀ na àpò ìsàlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ hó yèè.

Nígbà tó bá yá, kí gbogbo wọn kọ́ ọwọ́ méjèèjì, torí ẹni tó ń ṣọ́ ọ máa mọ ọwọ́ tí o ń lò, á sì dí i. Àmọ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ tí wọ́n bí mọ́ ọmọ ló máa fi bẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà_Bódìjà · 3:48 ọ̀sán

Ẹ kú ìjókòó. Ọmọ mi wà lára àwọn ọmọ Tísà, iṣẹ́ igi ni mo ń ṣe. Ẹ má ra gòólù. Igi oníńṣì méjì sí méjì, mítà 1.83 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ẹ fi igi méjì tì í lẹ́yìn kó má baà ṣubú lu ọmọ. Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi páànù ògbólógbòó ṣe àmì torí kó lè dún. Ẹ má ṣe é. Etí páànù ń gé ènìyàn, bọ́ọ̀lù á sì ta padà. Àpò tí ìyá yẹn sọ ló dáa, bọ́ọ̀lù á kú sára rẹ̀ ni.

Ní ti ọ̀pá, a lè ṣe púpọ̀ sí i. Páìpù rọ́bà tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, ẹ gé e ní mítà 1, kí ẹ fi kẹ́ẹ̀gì òróró kékeré ṣe orí rẹ̀: ẹ gé ìdí kẹ́ẹ̀gì náà kúrò ní ìdagẹ̀rẹ̀, ẹ ki páìpù bọ ọrùn rẹ̀, ẹ fi ìṣó onídè há a. Kí ẹ fi iná jó etí ibi tí ẹ gé kó má mú mọ́. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì nìkan ni kí wọ́n fi sínú rẹ̀.

Tísà_Mókọlá · Ọjọ́ Ẹtì, 5:26 ìrọ̀lẹ́

Mo padà wá jábọ̀. Mo pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin lónìí. Ẹgbẹ́ kan ń fi ọwọ́ jù ú mọ́ ògiri, ẹgbẹ́ kan ń lo ọ̀pá kẹ́ẹ̀gì, ẹgbẹ́ kan ń ṣeré mẹ́ta-mẹ́ta ti Olùkọ́ Sáńgò, ẹgbẹ́ kan ló wà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọ̀pá gidi àti bọ́ọ̀lù rọ́bà. Ìlà kò gùn mọ́, inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Ẹsẹ̀ ti ń bọ́ sípò. Alòsì mẹ́ta ló jáde láàárín wọn!

Ọrùn ọwọ́ ló kù. Bí mo bá ní "yí ọrùn ọwọ́ rẹ", ara wọn á le gan-an, ṣúùtù á tún burú ju ti tẹ́lẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgbọ̀wọ́ · 6:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà, sà. Ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú eré ìdárayá ni mò ń kà. Tísà, gbólóhùn yẹn gan-an ló ń mú wọn le. Ní 1998, Gabriele Wulf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ènìyàn sórí ẹ̀rọ tó ń ṣe bí eré orí yìnyín. Wọ́n ní kí àwọn kan fọkàn sí ẹsẹ̀ ara wọn, kí àwọn kan fọkàn sí táyà abẹ́ ẹ̀rọ náà. Àwọn tó fọkàn sí táyà ló mọ̀ ọ́n jù. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń fi hàn pé ara máa ń ṣiṣẹ́ geere bí ọkàn bá wà lórí ohun tí a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, tí kò sí lórí ẹ̀yà ara.

Ẹ má dárúkọ ọrùn ọwọ́ mọ́, sà. Ẹ ní: "Jẹ́ kí orí ọ̀pá rẹ tọ́ka sí àpò tó o dárúkọ." Ọrùn ọwọ́ á yí fúnra rẹ̀.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá_Agodi · 6:20 ìrọ̀lẹ́

O ṣé, ọmọ mi. Ó dáa púpọ̀. Kódà fún ìbàdí, mo máa ń ní kí ọmọ fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ han gòólù kó tó bẹ̀rẹ̀. Èjìká á ti yí kó tó mọ̀.

Olùkọ́_Sáńgò · 6:41 ìrọ̀lẹ́

Ṣúùtù tó ń balẹ̀ kó tó wọlé ńkọ́? Tísà, ṣé ẹ ti fi kọ́ wọn? Òun ló ń da aṣọ́lé láàmú jù.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá_Agodi · 6:58 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀. Lórí koríko tó tẹ́ tàbí kápẹ́ẹ̀tì pápá, bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ níwájú gòólù á yí ọ̀nà padà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Lórí yẹ̀pẹ̀ pupa wa tó ní òkúta wẹ́wẹ́, ó lè ta sí ojú ẹnikẹ́ni. Lásìkò ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá gan, ó tún ń burú sí i. Lẹ́yìn òjò, ẹrọ̀fọ̀ á gbé e mì. Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ wọn, ẹ gbá ilẹ̀ iwájú gòólù, kí ẹ ṣa òkúta rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí bọ́ọ̀lù á ti balẹ̀, kí ẹ sì lo tẹ́níìsì.

Tísà_Mókọlá · 7:15 alẹ́

Ó yé mi. Ìbéèrè kan ló kù: ọ̀pá mẹ́rin nínú 12 yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá lò wọ́n, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń wọlẹ̀. Mo rò pé àpò wọn ló jìn. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú?

Akọ́nimọ̀ọ́gbá_Agodi · 7:29 alẹ́

Ẹ gbé ọ̀pá dọ́gba, ẹ fi bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Nínú òfin eré àwọn ọkùnrin, bí òkè bọ́ọ̀lù bá ti lọ sísàlẹ̀ etí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ orí ọ̀pá, ó ti jìn jù. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kó má tiẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tú kókó okùn tó wà nísàlẹ̀ àpò, ẹ fà á, kí ẹ tún un so. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn okùn tó rékọjá lókè orí ọ̀pá, ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà jáde. Bí wọ́n bá le jù, wọ́n á fa bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹ dẹ̀ wọ́n díẹ̀, kí ẹ jù ú lẹ́ẹ̀kan mọ́ ògiri, kí ẹ tún wò ó.

Káfíńtà_Bódìjà · 7:40 alẹ́

Tísà, ẹ fi àwọn mẹ́rin yẹn rán ọmọ mi sí mi lọ́jọ́ Ajé. Mo ní abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tó lágbára ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹ fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kan kún un kí n lè fi wọ̀n ọ́n.

Tísà_Mókọlá · 7:44 alẹ́

Ẹ ṣeun, sà. Á dé ọwọ́ yín kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé.